Olókèméjì: Ìletò Tí Ojú Irin Bí

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ nípa ọmọ yìí bá ìlú náà mu. Àwọn tí ó dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn ni wọ́n fún Ìbàdàn ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 ni wọ́n sọ ibùdó wọn di Abẹ́òkúta. Láàrin ìlú ńlá méjèèjì yìí ni ìletò kékeré kan wà tí òun náà gba orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́ òkè. Olókèméjì ni wọ́n ń pè é, ibi tí òkè méjì wà létí Odò Ògùn.

Ìletò náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 35 sí àríwá ìlà-oòrùn Abẹ́òkúta, ó sì tó kìlómítà 32 sí ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn. Kò tóbi rárá. Ẹni tí ó bá tòògbé díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kò ní mọ̀ pé òun ti kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa igi àti ewéko ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ ìlú aládé wa rí. Bí ìletò tí kò ní ààfin, tí kò sì ní odi, ṣe dé irú ipò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀, nítorí pé ó fi hàn bí ayé àtijọ́ àti ayé òyìnbó ṣe pàdé lórí ilẹ̀ kan náà.

Kí irin tó dé

Ní ìgbà tí ojú irin kò tíì sí, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Alaárù ni ó ń ru epo, ekuro àti òwú láti ìgbèríko lọ sí etí òkun, òun náà ni ó sì ń ru iyọ̀, aṣọ àti ìbọn bọ̀. Ní ẹnu ibodè gbogbo ni oníbodè jókòó sí tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọjá. Bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìlú sí ìlú, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe ni pé wọn yóò dí ọ̀nà. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, sọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn di ohun tí oníṣòwò kò lè gbójú lé. Àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ pé àwọn ni ó wà ní agbede méjì, wọn a sì máa ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

Ọdún 1893 ni Gómìnà Èkó, Sir Gilbert Carter, rin ilẹ̀ Yorùbá já, tí ìjọba Èkó sì bá Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ṣe àdéhùn. Nínú èyí tí Ìbàdàn bá a ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìlérí wà pé wọn yóò yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ojú irin bí ìjọba bá pinnu láti ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 1896, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá Ìddó. Irin náà gba Agége àti Ìfọ̀ kọjá, ó dé agbègbè Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Nǹkan bí máìlì 120 ni gígùn rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ péré sì ni ó wà láàrin irin kan àti èkejì rẹ̀.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó gbẹ́ ilẹ̀ náà o. Òyìnbó wọn ilẹ̀, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì pàṣẹ; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fi ọkọ́ àti àdá la igbó, tí wọ́n fọ́ òkúta, tí wọ́n sì gbé irin lé èjìká. Iṣẹ́ owó oṣù tàbí owó ọ̀sẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Nínú àṣà wa, àáró àti ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá: bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ yóò bá mi kọ ebè lọ́la, oúnjẹ àti ọpẹ́ ni yóò sì tẹ̀lé e. Ojú irin ni ó kọ́kọ́ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin jọ tí wọn kò bá ara wọn tan, tí wọn kò sì jẹ ara wọn ní àáró, tí ó sì san ṣílè fún wọn. Nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìbẹ̀rẹ̀ ìletò ojú irin ti jáde.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó tún yàtọ̀. Nínú òye àwọn baba wa, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó wà láyé nìkan. Ti òkú ni, ti alààyè ni, ti ọmọ tí a kò tíì bí ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe: oko ni, ilé ni, tàbí ojúbọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ojú irin ń fẹ́ kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì gùn bí okùn tí kò lópin. Ó ń gba oko ẹbí kan bọ́ sí oko ẹbí mìíràn, kì í sì í ṣe iṣu ni wọn yóò gbìn síbẹ̀. Ó ṣòro fún baálé ilé kan láti mọ ohun tí ó fi tọrẹ gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá ni ó tó yé ọ̀pọ̀lọpọ̀ pé ilẹ̀ náà kò ní padà sí ọwọ́ ẹbí mọ́.

Ògún pàdé Yemọja

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Odò Ògùn, nítorí pé àwọn tí kò gbọ́ ohùn Yorùbá dáadáa a máa rò pé òrìṣà irin ni ó ni odò náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògún ni alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti ológun ń bọ. Ògùn ni odò, Yemọja sì ni àwọn àgbà gbà pé ó ni ín. Ohùn òkè tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kan, tí ó sì di ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn èkejì, ni ó ya òrìṣà méjèèjì sọ́tọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí irin dé etí odò yìí, ilé Yemọja ni nǹkan Ògún wá. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, irin ni ọ̀nà rẹ̀, iná sì ni ó ń jẹ bí ilé àgbẹ̀dẹ. Kò lè ṣe kí ó má mu omi. Ọkọ̀ alátẹ́gùn gbígbóná ti ayé àtijọ́ a máa gbẹ omi bí ẹni tí ó ti oko ọ̀sán dé, bí omi bá sì tán nínú ìkòkò rẹ̀, kò sí ibi tí ó ń lọ. Igi ìdáná náà kò gbọdọ̀ jìnnà, pàápàá kí èédú Enugu tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1915. Ibi tí odò àti igbó bá ti pàdé ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń rí ìtura. Olókèméjì ní méjèèjì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ Ògún ṣeré. Ẹni tí irin ń jẹ́ kí ó jẹun mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe fún ẹni tí ó ni irin. Oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́sáláṣí pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá dé, a máa nira fún ẹnikẹ́ni láti gbàgbé orúkọ baba àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ìgbé ayé téṣàn

Àwọn Yorùbá ní oríṣiríṣi orúkọ fún ibi tí ènìyàn ń gbé: ìlú, ìletò, abúlé, aba, ahéré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ipò tirẹ̀. Ìlú ní ọba tàbí baálẹ̀, ó ní òrìṣà àti ọjọ́ ọdún. Abúlé ní ìlú tí ó ń wárí fún. Bí ọdún bá dé, ará abúlé yóò ti ilẹ̀kùn ahéré rẹ̀, yóò sì wọ ìlú lọ bá àwọn ẹbí. Èwo wá ni téṣàn? Kò wárí fún ìlú kan. Ẹ̀búté Mẹ́tta, níbi tí olórí ilé-iṣẹ́ ojú irin wà, ni àṣẹ ti ń wá. Kò ní ọmọ onílẹ̀ láàrin ọgbà rẹ̀. Ọ̀gá téṣàn lè jẹ́ Ìjẹ̀bú, kí amójútó àmì jẹ́ ará Ọ̀yọ́, kí àwọn tí ń tún irin ṣe wá láti Ìbàdàn, Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìgbò. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ pé ọmọ ibo ni, ìlú baba rẹ̀ ni yóò dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fi ojú kàn án. Kò sí ẹni tí ó máa ń sọ pé ọmọ téṣàn ni òun.

Ṣùgbọ́n ìwà àti ìṣe tí ó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì tó bí ó ti dà bí ẹni pé ó rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ojú irin kan ṣoṣo. Irin kan náà ni ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn àti èyí tí ń bọ̀ wá sí Èkó jọ ń lò, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé ní ọ̀nà. Téṣàn ni ọ̀kan yóò ti dúró de èkejì lórí irin ẹ̀gbẹ́. Kí awakọ̀ tó lè kúrò ní téṣàn kan lọ sí òmíràn, ọ̀gá téṣàn gbọ́dọ̀ fi ohun kan lé e lọ́wọ́, ohun irin tí kò ní ju ẹyọ kan lọ níta fún apá ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá dì í mú ni ó ni ọ̀nà. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ gómìnà ni ó wà, kò gbọdọ̀ ṣí ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ìlàrí Aláàfin, tàbí tí ó ti gbọ́ bí ọba ṣe ń fi ọ̀pá àṣẹ rán oníṣẹ́, yóò rí i pé àwọn baba wa ti mọ irú ètò yìí kí òyìnbó tó gbé tirẹ̀ dé. Àrokò ni. Kì í ṣe ẹnu ni ó ń sọ̀rọ̀, nǹkan ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì gba nǹkan náà mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Wáyà tí téṣàn fi ń bá téṣàn sọ̀rọ̀ náà kò ya ẹni tí ó mọ ìlù gángan lẹ́nu púpọ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé etí gbogbo ọmọ ìlú ni ó ń gbọ́ gángan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́ èdè wáyà, ìyẹn ni ó sì sọ ọ̀gá téṣàn di ènìyàn ńlá. Òun ni ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé. Òun ni ó ń ka lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Aago rẹ̀ ni aago gbogbo ènìyàn.

Ọjà ibẹ̀ sì ń kọ́? Ọjà ìgbèríko Yorùbá a máa tẹ̀lé ọ̀rún. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an, àwọn abúlé tí ó yí i ká sì mọ ọjọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ wọn. Ọjà téṣàn kò ka ọ̀rún. Ìró ọkọ̀ ni ó ń kà. Bí fèrè bá ti dún láti òkèèrè, àwọn obìnrin tí ó wà nídìí igbá àti àwo yóò dìde. Ẹ̀kọ, àkàrà, iṣu sísè, àgbàdo, ọsàn, ìgbín, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ: gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gbé dé ojú fèrèsé ọkọ̀. Kò sí àyè fún ìná-owó tí ó pẹ́. Ní ọjà wa, ẹni tí kò bá na ọjà dáadáa ni a ń pè ní aláìmọ ọjà. Níbi téṣàn, iye tí ọwọ́ bá nà jáde pẹ̀lú owó ni iye tí a ó tà, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti ṣí, owó tàbí ọjà, ọ̀kan yóò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ gbèsè ni ó wà láàrin Èkó àti Ìbàdàn tí àsíá àwọ̀ ewé kan ni ó dá a sílẹ̀.

Igbó àti iná

Ohun tí ó sọ Olókèméjì di olókìkí jùlọ kì í ṣe ọkọ̀, igbó ni. Ní ọdún 1899, nígbà tí ojú irin kò tíì dé Ìbàdàn, ìjọba ya igbó ibẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn igbó ìpamọ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 59. Wọ́n dá ọgbà ewéko sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1900, ní ọdún 1902 sì ni wọ́n gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà tí kòkòrò kì í fẹ́ràn, tí àwọn agbẹ́gilódò wa sì ti mọ̀ dáadáa báyìí. Àwọn tí ó ń kó ewé jọ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Olókèméjì, wọn a já ewé, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, wọn a kọ orúkọ ìletò náà sí abẹ́ rẹ̀, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí orúkọ Olókèméjì ṣe wọ inú ìwé ńlá nìyẹn.

Àwọn ará àdúgbò kò yọ̀ sí i. Yorùbá ti ní igbó ìpamọ́ tirẹ̀ tipẹ́: igbó Orò, igbó ojúbọ, igbó ikú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣá igi nínú rẹ̀. Òrìṣà ni ó ń ṣọ́ àwọn yẹn, ẹ̀rù sì tó. Igbó ìjọba ní aṣọ́gbó tí ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ní ìwé òfin àti owó ìtanràn, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ọdẹ tí baba rẹ̀ ti ń dẹ ibẹ̀ lè fi ọkàn bẹ̀rù. Ní apá kan, ilẹ̀ ojú irin. Ní apá kejì, ilẹ̀ igbó ìjọba. Ẹni tí ó ń gbé Olókèméjì wà ní àárín ilẹ̀ méjì tí kò lè pe ọ̀kankan ní ti baba rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìletò náà gbòòrò.

Ọdún 1929 ni iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ Ìbàdàn ti fi hàn, agbègbè yìí ni igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Àwọn aṣèwádìí fẹ́ mọ ohun tí ó fa ààlà náà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Ní apá kan, wọ́n ń fi iná sí i lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n ń dúró títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ bí ìsáná, kí wọ́n tó fi iná sí i. Ní apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá.

Wọ́n ṣe báyìí fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí àwọn onímọ̀ méjì, Charter àti Keay, tó kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1960. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó. Igi bo koríko mọ́lẹ̀. Ibi tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó wà bí ọ̀dàn, koríko ni ó gba ibẹ̀, igi kò pọ̀. Ibi tí iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń jó wà láàrin méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe òjò nìkan ni ó pín igbó àti ọ̀dàn; ọwọ́ ènìyàn tí ó mú ìsáná wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ tí ń sun pápá lé ẹran jáde àti àgbẹ̀ tí ń sun oko kí òjò tó dé ti ń ya àwòrán ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé. Títí di òní, bí àwọn onímọ̀ nípa igbó ilẹ̀ Áfíríkà bá ń sọ̀rọ̀ iná, wọ́n ṣì ń dárúkọ ìdánwò Olókèméjì.

Nígbà tí ọkọ̀ kò dúró mọ́

Ojú irin náà kò dúró sí Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bbà ní 1909, nígbà tí ó sì di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò. Bí ọ̀nà ti ń gùn sí i ni téṣàn kékeré ń di ohun tí a ń kọjá. Ní ọdún 1945, nígbà tí Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin wà lára àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé bí téṣàn bá dákẹ́, ọjà yóò dákẹ́. Ìgbà náà ni agbára ojú irin pọ̀ jù.

Ọkọ̀ dísù tí ó rọ́pò ọkọ̀ onína ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 kò nílò omi odò tàbí igi ìdáná, nítorí náà kò ní ìdí láti dúró níbi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé, ọ̀nà ọ̀dà sì pọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 gba apá Ṣàgámù lọ, kò tilẹ̀ yà sí Abẹ́òkúta. Àwọn ará Íńdíà láti ilé-iṣẹ́ RITES wá ṣe àkóso ojú irin láti 1979 dé 1982, nǹkan sì gún régé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó tún ṣubú. Obìnrin tí ó ń gbé igbá dúró de fèrè rí i pé fèrè kò dún mọ́ bí ó ti ń dún. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó. Ìlú tí ó ní ọba, bí ọjà rẹ̀ bá tú, ọdún òrìṣà yóò ṣì máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ wálé. Téṣàn kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni.

Igbó náà kò yè é bọ́. Àgbẹ̀ wọ inú rẹ̀, agbẹ́gilódò wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi tí ó ti ṣókùnkùn rí ni ó ti di oko àti igi gbígbìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Kìlómítà 157 ni gígùn rẹ̀. Láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, Ọlọ́dọ̀ àti Ọmí-Adìó ni wọ́n kọ́ téṣàn sí. Orúkọ Olókèméjì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè méjèèjì àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ọdún 1901 báyìí, ọ̀nà ilẹ̀ ni yóò gbà.